Ẹrù ilé bàbá nínú ilé tuntun: báwo ni kí n ṣe tò wọ́n?

Akọ́bí Obìnrin (Ìbàdàn)

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará ilé yìí. Lẹ́yìn tí a ti parí ìsìnkú bàbá wa àgbà, ẹbí jókòó láti pín ẹrù, wọ́n sì ní kí n kó èyí tí ó wà nínú pálọ̀ àti yàrá bàbá, nítorí pé èmi ni mo sábà máa ń jókòó tì wọ́n níbẹ̀. Ohun tí mo kó kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí méjì nínú wọn tí ó jọra. Àpótí ìrókò kan wà níbẹ̀ tí ìdè irin rẹ̀ ti dípẹtà. Àga ìrọ̀gbọ̀kú onípákó kan wà, tí ibi tí bàbá máa ń gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ti jẹ wọnú díẹ̀, tí ó sì ń dán ju gbogbo ara àga yòókù lọ. Igbá fífín mẹ́ta láti Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí ó jẹ́ ti ìyá àgbà, àwọn fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun, àti àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì kan, rédíò àtijọ́ tí ohùn rẹ̀ ń gba wáyà wọlé, tí ó jẹ́ pé kọ́ńdó kan ṣoṣo ni ó wà níwájú rẹ̀, èyí tí a fi ń gbé ohùn sókè tàbí tí a fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Fúláàtì oníyàrá méjì ni à ń gbé ní Àkóbọ̀. Funfun ni ògiri, táìlì ni ilẹ̀, aláwọ̀ eérú ni àwọn àga wa, tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ ńlá sì wà ní ara ògiri. Nígbà tí mo kó ẹrù bàbá wọlé, ńṣe ni ilé dà bí ibi tí ẹnì kan kó ẹrù pamọ́ sí. Ọkọ mi ní kí a kó wọn sí yàrá kejì kí a sì ti ilẹ̀kùn. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ kí pálọ̀ wa dà bí mùsíọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ kò ní lè fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Onígi (Ọ̀ṣogbo)

Ẹ kú ìnáwó bàbá, mà. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára.

Iṣẹ́ igi ni mo ń ṣe, nítorí náà ìdí igi ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó ronú ibi tí ẹ ó gbé ohunkóhun sí, ẹ gbé gbogbo ohun tí a fi igi ṣe jáde sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ dojú wọn délẹ̀, kí ẹ sì wo abẹ́ wọn dáadáa. Bí ẹ bá rí ihò kéékèèké tí kò ju orí ìṣó tín-ín-rín lọ, ẹ tẹ́ ìwé funfun sábẹ́ ibẹ̀ kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìyẹ̀fun igi bá dà sórí ìwé náà, kòkòrò ṣì ń jẹun nínú igi, kò sì yẹ kí ó wọ ilé tí àga mìíràn wà. Bí ìwé bá mọ́, ẹ tún un wò lẹ́yìn oṣù kan, nítorí pé kòkòrò a máa sinmi.

Àwọn ohun kékeré, bí igbá àti ère tí a kò kùn, ẹ lè fi òtútù pa kòkòrò inú wọn. Ẹ fi ọ̀rá wé wọn títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi tán, ẹ dì í pa, kí ẹ sì gbé e sínú fírísà tí ó tutù tó ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Bí iná yín kì í bá dúró, ẹ bá ìyá ẹlẹ́ja tí ó ní yàrá òtútù sọ̀rọ̀, nítorí pé òtútù tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ kò ní pa ẹyin kòkòrò. Nígbà tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà títí di ọjọ́ kejì, kí omi má baà sẹ̀ sára igbá. Ohun tí ó ti là, tàbí tí a fi ọ̀dà kùn, kò gbọdọ̀ wọ fírísà.

Ohun kejì ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí gan-an. Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà kankan fi sáńpépà kan àga bàbá yín. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́, ìyá kan gbé àpótí ìjókòó ìyá rẹ̀ wá pé kí n bá òun tún ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ń mì ṣe. Mo tún ẹsẹ̀ náà ṣe, mo sì rò pé oore ni mo tún ń ṣe fún un nígbà tí mo ha gbogbo ojú rẹ̀ tí mo sì fi fáníìṣì kùn ún. Ìyá náà dé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú àpótí náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sanwó, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìjókòó àádọ́ta ọdún ni ó mú kí igi náà dán bẹ́ẹ̀, ọ̀sán kan ṣoṣo ni mo sì fi bó o dànù. Kò sí fáníìṣì tí ó lè dá a padà.

Nítorí náà, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi gbọn eruku kúrò, kí ẹ fi aṣọ tí ẹ fi omi díẹ̀ pa nu ún, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ún tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìda oyin díẹ̀ pa á ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ má fi àdín tàbí òrí pa á, nítorí pé wọn yóò kan, wọn yóò sì máa gba eruku mọ́ra. Àga àtijọ́ tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ni kí ẹ tún ṣọ́ra fún jù lọ níbi tí ọmọdé wà, nítorí òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé ìgbà yẹn, májèlé sì ni fún ọpọlọ ọmọ. A kì í ha a nínú ilé.

Ẹléélú (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú ìtọ́jú ẹrù àwọn àgbà, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ béèrè nípa ìró ìyá àgbà. Kí ni wọ́n yà sí i? Bí ẹ bá rí òpó gbọ̀ngàn Màpó nínú rẹ̀, tí àlàfo tí ó wà láàárín òpó sí òpó dà bí ṣíbí, Ìbàdàndùn ni, ilé yín gan-an ni ó sì yẹ. Bí ó bá jẹ́ àwòrán ọba àti olorì aládé ni ó wà láàárín, olóba ni, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nígbà àjọ̀dún ọdún karùn-ún-lélógún ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1935. Ẹ wo ibi tí a ti rán ìdajì ìró mọ́ ìdajì kejì pẹ̀lú, nítorí pé abala méjì ni wọ́n máa ń rán pọ̀ di ìró kan.

Èyí tí ó wù kó jẹ́, ẹ má gé e. Mo mọ̀ pé ó ti di àṣà báyìí láti gé àdìrẹ àtijọ́ ṣe ìrọ̀rí àga, ó sì ń dùn mí tí mo bá rí i. Ìyá kan jókòó, ó fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ gbágùúdá sára aṣọ náà ní ilà-ilà kí wọ́n tó rì í sínú aró lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ rẹ̀ sì hàn níbi gbogbo tí ilà kò ti gún régé. Bí ẹ bá fẹ́ ìrọ̀rí, ẹ wá sí Ìtòkú kí ẹ ra tuntun, owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ sì lè fọ̀ ọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi aṣọ funfun tí ó tutù díẹ̀ fi agbára nu ún, bí àwọ̀ rẹ̀ bá ràn mọ́ aṣọ funfun náà, yóò ran àga yín aláwọ̀ eérú pẹ̀lú.

Ti ìyá àgbà, ẹ gbé e kọ́ sára ògiri kan ṣoṣo. Ẹ má kàn án ní ìṣó. Ẹ rán ọ̀já aṣọ òwú kan mọ́ ẹ̀yìn etí òkè rẹ̀, kí ó dà bí ibi tí à ń ki okùn ṣòkòtò sí, kí ẹ sì ti ọ̀pá bọ inú rẹ̀, kí gbogbo etí aṣọ náà lè jọ gbé ẹrù ara rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dojú kọ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, nítorí pé oòrùn a máa jẹ aró. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó sinmi, kí ẹ ká a yípo ara páìpù tí ẹ fi aṣọ funfun wé, ẹ má ṣe ṣẹ́ ẹ pọ̀ bí ìwé, nítorí ojú ìṣẹ́po ni aṣọ ti máa ń kọ́kọ́ ya. Káfúrà kò gbọdọ̀ kan ara aṣọ náà fúnra rẹ̀.

Atólé (Èkó)

Títo ilé fún àwọn ènìyàn ni iṣẹ́ tí mo ń jẹ, mo sì ti ka ohun tí àwọn méjèèjì sọ, òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti títò.

Ohun tí ó mú kí ilé yín dà bí ibi ìkẹ́rùsí ni pé gbogbo ẹrù náà ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi a máa sọ fún àwọn oníbàárà mi pé bí àgbà márùn-ún bá jókòó síbì kan, ẹnì kan ni yóò sọ̀rọ̀, àwọn yòókù yóò máa gbọ́. Ní ibi kọ̀ọ̀kan tí ojú ti lè dúró nínú ilé, ẹ yan àgbà kan, kí àwọn ohun òde òní tí ó yí i ká jẹ́ èyí tí kò ní ọnà lára, tí kò sì pariwo. Ògiri funfun àti àga aláwọ̀ eérú yín kì í ṣe ọ̀tá ẹrù bàbá rárá, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kí ẹ pààrọ̀ wọn.

Nínú pálọ̀, àga bàbá ni kí ó jẹ́ àgbà. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ó yíjú díẹ̀ sí àwọn àga yòókù, kí ẹ fi iná onídùúró òde òní tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí gílóòbù rẹ̀ jẹ́ LED tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ti àtùpà, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ funfun gbòò a máa mú kí igi dà bí èyí tí ó ti kú. Ẹ ṣe tìmùtìmù tuntun fún un, èmi ìbá fi aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn tí ó ní àwọ̀ ẹtù ṣe é, èyí tí kò ní dídán kankan nínú. Ẹ sì máa jókòó nínú rẹ̀. Àga tí a kò jókòó sí ni ó máa ń sọ ilé di mùsíọ́ọ̀mù.

Igbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ó wà pọ̀ lórí pẹpẹ kan, kí ńlá wà lẹ́yìn, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kékeré gbé ọ̀kan ga díẹ̀, kí ẹ má sì fi nǹkan mìíràn sí orí pẹpẹ náà. Bí ẹ bá fọ́n wọn káàkiri yàrá, wọn yóò dà bí ohun tí a gbàgbé.

Ibi asọ̀rọ̀mágbèsì ni mo ronú sí jù, nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ má gbé e sókè sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Abẹ́ tẹlifíṣàn ni kí ẹ gbé e sí, lórí pẹpẹ kúkúrú kan, ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó dá dúró. Ní 1935 ni wọ́n kọ́kọ́ fa irú wáyà rẹ̀ wọ ilé ní Èkó, ó dé Ìbàdàn yín ní 1939, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn kan náà. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni àwọn ohun méjèèjì náà. Ọmọ tí ó bá jókòó wo tẹlifíṣàn yóò rí àpótí oníkọ́ńdó kan náà lójoojúmọ́, yóò sì béèrè ohun tí ó ń ṣe.

Ní ti fọ́tò, ẹ má gbé ojúlówó kọ́ sára ògiri. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dà á kọ, ẹ kọ́ ẹ̀dà, kí ẹ sì fi ojúlówó sínú àpótí tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé. Ẹ lo férémù dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà fún gbogbo wọn, kí àárín fọ́tò wà ní nǹkan bíi 145 sí 150 sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti máa ń gbé fọ́tò kọ́ sí abẹ́ àjà, tí ọrùn àlejò á máa ro.

Ọmọ Káńtà (Ìbàdàn)

Ẹ jọ̀wọ́, èmi náà ní irú asọ̀rọ̀mágbèsì yẹn. Ṣé mo lè kùn ún ní àwọ̀ wúrà kí ó lè bá kọ́tìnì mi mu?

Atólé (Èkó)

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ lè pààrọ̀ kọ́tìnì nígbàkígbà.

Olùkọ́ Ọnà (Ilé-Ifẹ̀)

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ méjì kún un. Àkọ́kọ́ ni pé dída ohun ilé àti ohun àjèjì pọ̀ kì í ṣe àṣà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ láti inú ìwé ìròyìn ilé títò. Àwọn àgùdà tí wọ́n ti Bùràsíìlì padà wá sí Èkó ṣe é nínú ilé wọn ní Pópó Àgùdà. Ààfin Ìkẹ́rẹ́ pẹ̀lú ṣe é: Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ó sì gbẹ́ òyìnbó aṣojú ìjọba tí wọ́n gbé sórí aṣọ ìgbéni sí ara rẹ̀, lójúkojú pẹ̀lú ọba tí ó jókòó. Nígbà tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ní London ní 1924, tí Mùsíọ́ọ̀mù ìlú Gẹ̀ẹ́sì sì fẹ́ mú un, ọba kò gba owó. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀.

Èkejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ère, ọ̀pá, ìlù tàbí ohunkóhun tí wọ́n fi bọ nǹkan rí bá wà nínú ẹrù bàbá yín, ẹ má gbé e sí pálọ̀ kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹbí. Ère ìbejì tí ìyá kan fi osùn pa, tí ó bọ́, tí ó wẹ̀ bí ọmọ, kì í ṣe ohun tí à ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó. Òfin náà tún wà níbẹ̀: ohun tí ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ wa ṣe ṣáájú ọdún 1918 jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lójú òfin Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú ìtàn tàbí iṣẹ́ ọnà, tí a sì ti lò nínú ayẹyẹ ìbílẹ̀ rí, kódà bí kò tilẹ̀ pẹ́. Ẹnikẹ́ni kò lè gbé e jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tí ó ń bójú tó àwọn mùsíọ́ọ̀mù.

Ará Peckham (London)

Olùkọ́, ẹ ṣeun fún èyí tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn, nítorí pé àwa tí a wà ní òkè òkun ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Nígbà tí mo fẹ́ ra ohun ilé fún fúláàtì mi, ọlọ́jà kan ta ère ìbejì kan fún mi gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí mo gbé e sábẹ́ iná dáadáa ni mo rí i pé ojú rẹ̀ jẹ ní ọ̀gbọọgba láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ojú irin ìhagi sì hàn láàárín ìka ọwọ́ rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ènìyàn kò lè dé. Ibi tí ọwọ́ ń kàn ni ohun tí ó gbó lóòótọ́ ti máa ń jẹ: imú, ẹnu, èjìká. Ẹ fi àga bàbá yín kọ́ ojú yín, mà, apá ọ̀tún rẹ̀ nìkan ni ó jẹ.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tuntun ni mò ń rà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ṣì ń gbẹ́ ère àti àwọn tí wọ́n ṣì ń pa aró. Ẹ̀dà àwòrán Tútù, ọmọ ọba Ifẹ̀, tí ayàwòrán Ben Enwonwu yà ní 1974 wà lára ògiri mi, èyí tí ojúlówó rẹ̀ wà nínú fúláàtì kan ní London níhìn-ín láìsí ẹni tí ó mọ̀, kí wọ́n tó tà á ní 2018 ní owó tí ó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ẹ̀dà tèmi kò ju owó oúnjẹ lọ, ó sì dúró dáadáa lókè tábìlì kékeré tí mo rà ní tuntun. Ohun kan péré ni kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ òtútù ṣọ́: ẹ má gbé igi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná. Ère kan là lọ́wọ́ mi láti orí dé àyà láàárín oṣù méjì.

Ọmọ Onígi (Ọ̀ṣogbo)

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọyẹ́ ń ṣe nílé níbí, ẹ̀rọ amúlétutù náà sì ń ṣe é. Ẹ má fi nǹkan dí ojú tí igi ti là ní àsìkò ọyẹ́, nítorí pé yóò tún wú díẹ̀ nígbà òjò, ohun tí ẹ fi dí i yóò sì fa á ya síwájú sí i.

Akọ́bí Obìnrin (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ìbàdàndùn ni ìró náà, mo ka àwọn òpó náà pẹ̀lú àbúrò mi. Àga bàbá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ mi ni ó sì máa ń kọ́kọ́ jókòó sí i tí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Igbá wà nínú fírísà ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Bódìjà, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo bi bàbá mi kékeré léèrè nípa àwọn yòókù, wọ́n sì ní kò sí ohun ìbọ kankan nínú wọn.

Àpótí ìrókò ni ó ń kọ mí lóminú. Ìwé funfun tí mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ti ní ìyẹ̀fun lára ní igun kan, kò sì lè wọ fírísà kankan. Ọmọ Onígi, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Onígi (Ọ̀ṣogbo)

Ẹ wo pákó tí ó wà ní igun náà, mà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ó funfun ju èyí tí ó kù lọ, nítorí pé kòkòrò kì í sábà jẹ inú ìrókò tí ó ti pọ́n, etí rẹ̀ tí ó funfun ni wọ́n ń wá. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àpótí yín kò tíì bàjẹ́. Ẹ kó ohun inú rẹ̀ jáde, ẹ gbé e kúrò nínú ilé lọ sí báńkónì, ẹ gbé e lé orí bíríkì mẹ́rin, kí ẹ sì fi ọ̀rá nípọn bò ó títí dé ilẹ̀. Ẹ wá ẹni tí ó mọ oògùn kòkòrò igi dáadáa, kí ó fi abẹ́rẹ́ fa oògùn náà sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe kí ó fọ́n ọn sí gbogbo ara, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ súnmọ́ ibẹ̀ títí yóò fi gbẹ tí òórùn rẹ̀ yóò sì fi lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ìwé funfun tuntun. Bí ìwé náà bá mọ́ fún oṣù mẹ́ta, ẹ gbé e wọlé, kí ẹ fi àyè tí ó tó ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ògiri.